Ọ̀wẹ̀ Ni Tàbí Àáró? Ilé-Ìwòsàn Aró, Àwọn Abúlé Rẹ̀, àti Bí Ó Ti Yẹ Kí A Wọn Àjọṣe

Ní ọdún 1954 ni ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tí ó wà ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn aláìsàn rẹ̀ wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí i ká. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ òkèèrè ń tọ́ka sí ohun tí a ṣe níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ àjọṣe rere láàárín ilé-ìwòsàn àti ará ìlú. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìyìn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ènìyàn bá bèèrè pé báwo ni àjọṣe náà ti dára tó, níbo ni ó ti lágbára, níbo ni ó ti rọ, ta ni ó jèrè, ta ni ó sì ru ẹrù, ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni ti àwọn aláìsàn tí ara wọn yá. Èyí dàbí ìgbà tí a bi tọkọtaya léèrè bí wọ́n ti ń gbé pọ̀ sí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ọmọ tí wọ́n bí fún wa. Ọmọ dára, ó sì wúlò kí a mọ iye wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a béèrè kọ́ nìyẹn.

Kí a tó lè wọn àjọṣe Aró, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà ṣáájú rẹ̀. Ìjọba òyìnbó kò tètè ka ìtọ́jú wèrè sí iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1907 ni wọ́n ṣí ilé àwọn wèrè ní Yábàá ní Èkó, ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ ni ibẹ̀ jẹ́ ju ibi ìwòsàn lọ. Ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibùgbé fún àwọn alárùn ọpọlọ, àwọn sójà tí ó ti ojú ogun bọ̀ sì wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ gbà síbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí fún un.

Ní gbogbo àkókò wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ babaláwo àti adáhunṣe ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń gbé aláìsàn wọn lọ. Ẹnì kan nínú ẹbí a tẹ̀ lé e, a máa dáná fún un, a máa fọ aṣọ rẹ̀. Bí ara aláìsàn bá sì ti ń balẹ̀, òun náà a bẹ̀rẹ̀ sí bá baba oníṣègùn ṣiṣẹ́ oko. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀, pàṣán sì wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí ìfẹ́ tí a ní sí ohun àtayébáyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ilé adáhunṣe tí kò sí ní Yábàá: aláìsàn kò kúrò láàárín ènìyàn. Ojú tí ó mọ̀ ni ó ń rí, ọbẹ̀ tí ó mọ̀ ni ó ń jẹ, èdè rẹ̀ ni a sì fi ń bá a wí nígbà tí ó bá ṣe ohun tí kò tọ́.

Thomas Adéoyè Lambo, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, ni ó mú ẹ̀kọ́ yìí lò. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School ní ìlú rẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham, ó sì tún kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní London. Nígbà tí ó padà dé ní 1954 láti wá ṣe olórí ní Aró, ilé-ìwòsàn náà kò tíì parí. Dókítà wà, oògùn wà, aláìsàn ń rọ́ wá, ṣùgbọ́n yàrá kò sí. Àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn Aró bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ti pé nínú orí ọkùnrin kan kí ó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun kì í fẹ́ dúró lórí kókó yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kókó pàtàkì ni. Àìnílé ni ó kọ́kọ́ sún ilé-ìwòsàn lọ bá àwọn ará abúlé. Ohun kan wà tí ilé-ìwòsàn kò ní, tí àwọn àgbẹ̀ sì ní.

Ó hàn gbangba pé kò sí àgbẹ̀ tí yóò kàn ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wèrè. Ẹ̀rù wèrè ń ba ará abúlé bí ó ti ń ba ará ìlú ńlá. Nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìwé ìjọba. Nígbà tí wọ́n gbà, ètò náà kò díjú. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀, ìbáà ṣe ìyá, ẹ̀gbọ́n, aya tàbí ọmọ, ní láti bá a wá kí ó sì máa bá a gbé. Wọn a gba yàrá lọ́dọ̀ onílé ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, wọn a sì máa san owó ilé. Ní òwúrọ̀, ẹbí a mú aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn fún abẹ́rẹ́, oògùn tàbí ìtọ́jú iná mànàmáná. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, wọn a padà sí abúlé. Níbẹ̀, kò sí odi láàárín wọn àti àwọn onílé. Ẹni tí ó bá lè mú ọkọ́ a bá wọn lọ sí oko. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ a máa ṣe é. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, wọn a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọdún ìbílẹ̀ bá dé, wọn a bá ará abúlé jó.

Ilé-ìwòsàn pẹ̀lú kò na ọwọ́ òfo sí wọn. Ó yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn. Ó ṣe omi ẹ̀rọ fún wọn, ó bá wọn gbẹ́ ṣáláńgá, ó sì ń rán òṣìṣẹ́ wá láti gbógun ti ẹ̀fọn. Ẹni tí ó bá ń dáná fún aláìsàn ní láti ra ata, epo, ẹ̀fọ́ àti igi ìdáná. Owó yẹn pàápàá kò jìnnà sí àpò ìyá alátẹ ní abúlé. Yàtọ̀ sí èyí, Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan láti bá ilé-ìwòsàn ṣiṣẹ́, ohun tí ó mú kí àwọn dókítà kan fi ojú àánú wò ó, bí ẹni tí oòrùn ilé rẹ̀ ti tún pa ní orí lẹ́yìn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ òtútù London.

Àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti fi Aró wé Gheel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba wèrè sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àfiwé náà kò burú, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ní Gheel, onílé ni ó di ẹbí fún aláìsàn. Ní Aró, aláìsàn mú ẹbí tirẹ̀ bọ̀. Onílé kàn jẹ́ onílé ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó di ọ̀rẹ́. Nítorí náà ẹni mẹ́rin ni ó wà nínú àjọṣe Aró, kì í ṣe méjì: ilé-ìwòsàn, onílé, ẹbí, àti oníṣègùn ìbílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn àjọṣe náà ní láti wọn í láti ojú olúkúlùkù wọn.

Òṣùwọ̀n fún irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kò tètè dé. Ní oṣù kẹsàn-án 1978 ni àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní Alma-Ata, ní ilẹ̀ Soviet ìgbà náà, tí wọ́n sì kéde pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́, ó sì jẹ́ ojúṣe wọn, láti kópa nínú ètò ìlera ara wọn. Lambo fúnra rẹ̀ ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva láti 1973. Lẹ́yìn ìkéde náà, gbogbo ìjọba ni ó ń sọ pé ará ìlú ń kópa. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá òtítọ́ ni? Ní 1988, Susan Rifkin, Frits Muller àti Wolfgang Bichmann gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ó gbajúmọ̀ títí di òní. Wọ́n ya àwòrán tí ó dàbí ilé aláǹtakùn, tí okùn márùn-ún ti àárín rẹ̀ jáde. Okùn kìn-ín-ní ń bèèrè ẹni tí ó sọ ohun tí ìlú ṣe aláìní. Èkejì, ẹni tí ó jẹ́ olórí. Ẹ̀kẹta, bóyá ara ẹgbẹ́ tí ìlú ti ní ni iṣẹ́ náà dúró lé tàbí ẹgbẹ́ àjèjì tí a gbé kà wọ́n lórí. Ẹ̀kẹrin, ibi tí owó àti agbára ti ń wá. Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ó ń ṣàkóso. Lórí okùn kọ̀ọ̀kan, a ó fi àmì kan sí i: bí ó bá wà nítòsí àárín, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nìkan ni ọ̀ràn wà, bí ó bá jìnnà sí àárín, ará ìlú ni ó di ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ mú. Bí a bá so àwọn àmì náà pọ̀, a ó rí bí ilé aláǹtakùn náà ti fẹ̀ tó, bí a bá sì tún yà á lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó mọ̀ bóyá ó ń gbòòrò ni tàbí ó ń sún kì.

Ọgbọ́n ni òṣùwọ̀n yìí, ó sì yẹ kí a fi wọn Aró. Ta ni ó sọ ohun tí ìlú ṣe aláìní? Dókítà ni. Kò sí abúlé kan tí ó ránṣẹ́ pe ilé-ìwòsàn pé kí wọ́n kó alárùn ọpọlọ wá fún àwọn. Ta ni olórí? Lambo ni, ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún. Ta ni ó ń ṣàkóso, tí ó ń pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ìgbà tí yóò padà sí ìlú rẹ̀? Ilé-ìwòsàn ni. Lórí okùn mẹ́ta yìí, àmì kò lè jìnnà sí àárín. Lórí okùn ẹgbẹ́, ó jìnnà díẹ̀, nítorí pé agbo ilé àti ìgbìmọ̀ baálẹ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò. Lórí ti owó àti agbára, ó jìnnà gan-an, nítorí pé yàrá, iná ààrò, oúnjẹ, àti gbogbo wákàtí tí ẹbí fi ń ṣọ́ aláìsàn, ti ará ìlú ni. Ilé aláǹtakùn tí a óò rí nígbà náà yóò fà sí apá kan bí èyí tí afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́. Ẹni tí ó bá gba àwòrán yìí gbọ́ yóò sọ pé àjọṣe tí kò lágbára ni ti Aró, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lo ará abúlé bí ẹni ń lo irinṣẹ́.

Síbẹ̀ àjọṣe náà dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onílé kò lé àwọn aláìsàn jáde. Nígbà tí àpérò àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ti gbogbo Áfíríkà, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀, wáyé ní Abẹ́òkúta ní oṣù kọkànlá 1961, ètò abúlé náà wà lára ohun tí ó mú kí ayé kọ ojú sí ìlú náà. Ó ní ohun tí òṣùwọ̀n 1988 kò wò. Ó ń bèèrè bí ará ìlú ti kópa tó. Kò bèèrè ohun tí ó padà sọ́dọ̀ wọn.

Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìwádìí tí N. A. Fádípẹ̀ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní London ní 1939, tí a kò sì tẹ̀ jáde ní ìwé títí di 1970, ó jíròrò àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí àwọn Yorùbá fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lóde òní ti da méjì àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ra, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Nínú àáró, àwọn ọkùnrin tí agbára wọn kò jìnnà síra wọn a pa ara wọn pọ̀. Lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ni a fi ń san ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn nígbà tí ó kàn án láti lọ sí oko ẹlòmíràn, gbèsè rẹ̀ kò parẹ́. Yóò san án nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, tàbí kí ó rán ẹlòmíràn lọ. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ iye tí ó jẹ àti iye tí a jẹ ẹ́. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹnì kan ni ó pe iṣẹ́, bóyá ilé ni ó fẹ́ kọ́ tàbí oko àna rẹ̀ ni ó fẹ́ ro. Ó pe ẹbí, ó pe ọ̀rẹ́, ó pe aládùúgbò, ó sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lóore. Kò sí ọjọ́ pàtó tí a ó san án padà; òṣùwọ̀n ọ̀wẹ̀ ni bóyá àwọn ènìyàn yóò tún wá nígbà tí a bá tún pè wọ́n. Ohun kẹta sì wà tí kì í ṣe ọ̀wẹ̀ tí kì í sì í ṣe àáró: iṣẹ́ ọba, èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ pé a kì í ṣe é láàgùn. Àìmọye ètò ìlera ni ìjọba ti gbé dé abúlé ní orúkọ àjọṣe, tí ará abúlé sì fi ojú iṣẹ́ ọba wò láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n ilé yìí wò ó, Aró kò jẹ́ ohun kan ṣoṣo. Láàárín ilé-ìwòsàn àti onílé, àáró ni. Ilé-ìwòsàn nílò yàrá, onílé nílò owó, omi àti ilé tí ó tóbi. Olúkúlùkù rí tirẹ̀ gbà, ó sì mọ ohun tí òun jẹ. Onílé tí ilé-ìwòsàn yá lówó láti kọ́ yàrá kún ilé rẹ̀ ní ìdí tí ó fi yẹ kí yàrá náà ní ayálégbé. Láàárín ilé-ìwòsàn àti ẹbí, ọ̀wẹ̀ ni. Ẹbí ni ó sún mọ́ aláìsàn jù, òun ni ó fi oko tàbí ọjà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú tí ó ti wá, òun ni ó ń náwó, ara aláìsàn tí ó ń yá sì ni oúnjẹ ọ̀wẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ara náà kò bá yá, ebi ni ó fi ń padà lọ sílé.

Ti oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ó ṣòro jù. Ilé-ìwòsàn gba ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìgbésí ayé àwọn aláìsàn, nípa ohun tí wọ́n gbà gbọ́ pé ó fa àrùn wọn, àti nípa bí a ti í fi ọ̀rọ̀ tu ọkàn tí ó dàrú nínú. Èyí kò kéré. Òun ni ó mú kí dókítà tí ó ti Birmingham dé lè gbọ́ ohun tí ìyá àgbẹ̀ kan ń sọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ ojú dókítà ni oníṣègùn ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà kò lọ jókòó ní abẹ́ ojú oníṣègùn. Òkìkí tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde, orí ilé-ìwòsàn ni ó bà lé. Bí ó bá jẹ́ àáró ni èyí, a jẹ pé ọjọ́ iṣẹ́ tí a jẹ oníṣègùn pọ̀ ju èyí tí òun jẹ lọ. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú àáró, a kì í bi oko léèrè bí iṣẹ́ náà ti rí lára rẹ̀. Ó dàbí ẹni pé ipò oko ni a fi aláìsàn sí nínú gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń fi ọkọ́ ro oko onílé.

Àǹfààní láti wọn àjọṣe yìí ṣí sílẹ̀ ní 1961, nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣe olórí wọn, bá Lambo àti àwọn òṣìṣẹ́ Aró ṣe ìwádìí ńlá ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Cornell tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1963. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò, wọ́n bi àwọn baálẹ̀ àti àwọn oníṣègùn ní ìbéèrè, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé ti agbègbè kan ní Nova Scotia ní Kánádà. Iṣẹ́ tí ó níyì ni. Àárẹ̀ ọkàn àwọn ará abúlé ni wọ́n wá, wọ́n sì rí i. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ tí ó lè wà nínú àdéhùn láàárín abúlé àti ilé-ìwòsàn kì í ṣe ohun tí wọ́n wá. Ní ibi tí àwọn olùwádìí, ìwé ìbéèrè àti owó ti pọ̀ tó báyìí, kò sí ìbéèrè kan tí ó rọrùn ju pé: ìwọ onílé, ǹjẹ́ ó ṣì tẹ́ ọ lọ́rùn?

Ìdí tí ìbéèrè náà fi ṣe pàtàkì hàn nígbà tí ó yá. Lambo lọ sí Ìbàdàn ní 1963 gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì di ọ̀gá àgbà Yunifásítì náà ní 1968. Tọ́lání Asúni ni ó gba ipò rẹ̀ ní Aró. Ètò abúlé kò dópin lọ́jọ́ kan. Ó ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iná ààrò tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Bí ilé-ìwòsàn ti ń ní yàrá tirẹ̀ sí i, àìnílé tí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ ń kúrò. Bí Abẹ́òkúta ti ń gbòòrò, pàápàá lẹ́yìn tí ó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976, onílé tí ó ní yàrá kò ní láti dúró de aláìsàn kí ó tó rí ayálégbé. Omi ti dé, gbèsè yàrá ti tán. Ní apá ti ẹbí, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta bí àgbẹ̀ ti lè fi oko sílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Àáró a máa túká nígbà tí ẹnì kan kò bá ní oko mọ́. Kò sí ìjà, kò sí ẹ̀tàn. Gbèsè parí lójú méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó jókòó láti dá òmíràn sílẹ̀. Àwọn tí ń ka iye aláìsàn tí ara wọn yá kò lè rí èyí nínú ìṣirò wọn, nítorí pé ara àwọn aláìsàn ṣì ń yá.

Ó dára kí a fi Aró wé ibòmíràn níbi tí ìṣirò wà lọ́wọ́ ará ìlú. Ní 1956, David Morley, dókítà òyìnbó kan, dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù. Káàdì kan ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìlà méjì tí ó tẹ̀ gòkè. Bí ọmọ bá ń rìn láàárín ìlà méjèèjì, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu wà, kódà kí ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé wọn kò fi káàdì náà pamọ́ sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n fi sínú àpò ọ̀rá, wọ́n sì gbé e fún ìyá. Àwọn dókítà kan rò pé ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá kò sọ ọ́ nù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáradára, irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì ti kárí ayé láti ìgbà náà. Nínú gbogbo ohun tí a kọ nípa àjọṣe ilé-ìwòsàn àti ará ìlú, bóyá kò sí èyí tí ó sún mọ́ àáró tó báyìí: ẹni tí ọ̀ràn kàn ni ìwé gbèsè wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ìbàràpá, ìwọ̀n náà tún yí padà. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àti Àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ dá ètò ìlera kan sílẹ̀ fún ìlú méje Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán. Igbó-Ọrà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti kọ́ bí àrùn ti rí ní ìgbèríko. Láti inú àkọsílẹ̀ ìbímọ níbẹ̀ ni P. P. S. Nylander ti fi hàn fún ayé pé ìbejì tí a ń bí ní Igbó-Ọrà lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000, iye tí ó ga ju ti ibikíbi tí a tíì kà á dé. Ará Ìbàràpá rí ìtọ́jú gbà, èyí kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ìran dókítà kan lẹ́yìn òmíràn ti kọ́ iṣẹ́ lára wọn, wọ́n sì ti tú ká lọ sí Èkó, sí London, sí Amẹ́ríkà. Kò sí òṣùwọ̀n ilé aláǹtakùn kan tí ó ní okùn fún irú gbèsè yìí.

Ìdèrè ni ibi tí ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù, nítorí sobìà. Ẹni tí ó bá mu omi odò tí kòkòrò tíńtín tí ó gbé irú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ yóò rí i ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, nígbà tí aràn gígùn náà bá ń ti ẹsẹ̀ jáde, lọ́pọ̀ ìgbà ní àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ará Ìdèrè gbà pé sobìà wà nínú ara gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ ìbí. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti máa sẹ́ omi. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn, lára wọn William Brieger, Jayashree Ramakrishna àti J. D. Adéníyì, dẹ́kun wíwàásù lásán. Wọ́n bá àwọn ará ìlú tí ó ti yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìlera ṣe asẹ́ aláṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Ará ìlú ni ó rán an, ará ìlú ni ó tà á ní owó pọ́ọ́kú. Télọ̀ rí owó iṣẹ́ rẹ̀, olùrà rí ẹsẹ̀ tí ó lè gbé e dé oko. Níbi tí ó ti rọ ni ti àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn: ọ̀wẹ̀ ni a pè wọ́n sí, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá a lọ lọ́dọọdún láìsí oúnjẹ, kò sì sí ẹni tí ó lè máa jẹ ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn títí láé.

Nígbà tí a ka àwọn tí sobìà ń dà láàmú káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 600,000. Ẹni ìkẹyìn ni a rí ní 2008, ní Ìpínlẹ̀ Ẹnúgu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ọwọ́ sí i ní 2013 pé àrùn náà ti tán ní orílẹ̀-èdè náà. Ìjọba, àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè àti àwọn ọ̀gágun àná ni a dárúkọ jù nínú ìròyìn ìṣẹ́gun náà. Àwọn tí ó ta asẹ́ ní ojúde abúlé kò sí nínú fọ́tò.

Ilé-ìwòsàn Aró ṣì wà. Ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ní àwọn ọdún 2010 ó tún dá àjọṣe mìíràn sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àwọn ibùdó ìlera kéékèèké ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀ láti dá àrùn ọpọlọ mọ̀, láti fún aláìsàn ní oògùn, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá ju agbára wọn lọ ránṣẹ́ sí Aró. Aláìsàn kò ní láti gba yàrá ní abúlé mọ́. Láti ilé rẹ̀ ni ó ti ń wá, ẹbí rẹ̀ ṣì ni ó sì ń mú un wá, tí ó ń san owó ọkọ̀, tí ó sì ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì títí a ó fi pe orúkọ rẹ̀.